Ásíìdì 0.02 N mi àti ti ọ̀gá mi ò dọ́gba: níbo ni mo ti ṣìnà?

ÌjẹṣàKékeré · Mọ́ńdè, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣe IT (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́) lọ́wọ́ ní láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ omi wò níbí ní Iléṣà, oṣù kejì mi nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ bu omi kànga kan ní Ìsọkùn, ọ̀gá mi sì ní kí n wo alkalinity rẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni iye ásíìdì tí omi lè gbà mọ́ra kó tó juwọ́ sílẹ̀. 100 ml omi, ẹ̀kán methyl orange (aró tó ń yí àwọ̀ padà tí ásíìdì bá ti tó) méjì-mẹ́ta, kí n máa fi búrẹ́ẹ̀tì (túùbù gíláàsì gígùn tí wọ́n fa ìlà ml sí lára) kán sulphuric acid 0.02 N sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi kúrò ní yẹ́lò, táá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ọsàn.

Mi ò rí ásíìdì náà lórí tábìlì, ni mo bá po tèmi. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ nìyí: 0.02 × 98.08 (ìwọ̀n móólù sulphuric acid) = 1.96 gíráàmù fún líta kan. Èyí tó wà nínú ìgò ńlá jẹ́ 98%, ml kan rẹ̀ sì wọn gíráàmù 1.84, nítorí náà 1.1 ml ni mo nílò. Mo wọ̀n ọ́n, mo dà á sínú omi, mo fi omi kún un dé àmì líta. Mo kọ "0.02" sára ìgò.

3.25 ml ló ná mi. Ọ̀gá ní iye yẹn kéré jù fún kànga tí òun ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n fa ìgò tiwọn yọ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ṣe é níṣojú mi, 6.4 ml. Omi kan náà, flask kan náà o! Tèmi já sí 32.5 mg/L, tiwọn já sí 64. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ kà á ní M, èmi kà á ní N." Fóònù wọn dún, wọ́n jáde, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Mo ṣí ìwé. Ìwé ní N ni "iye equivalent tó wà nínú líta kan". Equivalent wo? Kí ló bá kí ni dọ́gba?

---

ỌmọÒṣómàáló · Mọ́ńdè, 9:02 alẹ́

Ọmọ Iléṣà tí kò mọ gbèsè í ṣírò! Àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ àwìn kiri, ta ni wọ́n lóṣòó tì rí tí wọn ò mọ iye tó kù lọ́rùn rẹ̀? Ọwọ́ méjì ni ásíìdì rẹ fi ń sanwó, ìwọ kà á sí ọwọ́ kan.

Mo ti ṣó síbí. Mi ò ní dìde títí àwọn àgbà á fi wá ṣàlàyé.

---

BàbáBúrẹ́ẹ̀tì · Mọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nídìí búrẹ́ẹ̀tì ní Ifẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àṣìṣe yìí ni mo rí jù lọ, ọwọ́ àwọn ọmọ tí orí wọn pé gan-an ni mo sì ti máa ń rí i.

Ṣé o mọ àáró? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lóko, bàbá mi á pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́rin, wọn á wá bá wọn kọ ebè. Tó bá di ọ̀tunla, àwọn náà á lọ sí oko ẹlòmíì. Bí ẹnì kan bá mú ọmọ rẹ̀ kan dání wá, ọkọ́ méjì ló wọ oko wa lọ́jọ́ náà, ọkọ́ méjì la sì jẹ ẹ́. Wọn kì í ka orí nínú àáró. Ọkọ́ ni wọ́n ń kà.

Molarity, ìyẹn M, ń ka orí: iye móólù tó wà nínú líta kan (móólù ni òǹkà tá a fi ń ka àwọn ègé wẹ́wẹ́ inú èròjà, bí a ṣe ń fi dọ́sìnnì ka ẹyin). Normality, ìyẹn N, ń ka ọkọ́.

HCl kan, ọkọ́ kan, nítorí hydrogen kan péré ló ní láti yọ fún béèsì. H₂SO₄ kan, ìyẹn sulphuric acid rẹ, ọkọ́ méjì. NaOH kan, ọkọ́ kan. Na₂CO₃, tó o bá bá a dé methyl orange, ọkọ́ méjì. Equivalent kan ni gíráàmù tó gbé ọkọ́ móólù kan. Ìwọ̀n móólù èròjà ni wàá mú, wàá fi iye ọkọ́ rẹ̀ pín in. H₂SO₄: 98.08 ÷ 2 = 49.04. Na₂CO₃: 105.99 ÷ 2 = 53.0. HCl dúró lórí 36.46 tirẹ̀, NaOH dúró lórí 40.

Ibi tó ti dùn nìyí: equivalent kan ásíìdì, ásíìdì yòówù kó jẹ́, á pa equivalent kan béèsì, béèsì yòówù kó jẹ́. 49.04 gíráàmù sulphuric acid àti 40 gíráàmù NaOH, wọ́n á pa ara wọn tán, ẹnì kankan ò ní ṣẹ́kù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tá a fi ń kọ N₁V₁ = N₂V₂ (V ni iye ml) láì tún wo ẹ̀yìn.

Ní tìrẹ, 0.02 N fẹ́ 0.98 gíráàmù nínú líta. Ìwọ fi 1.96 sí i. 0.04 N ló wà nínú ìgò rẹ. Ásíìdì tó lágbára ní ìlọ́po méjì, ìdajì rẹ̀ ló máa ná ọ. 6.4 sí ọ̀nà méjì, 3.2. Búrẹ́ẹ̀tì ò purọ́ fún ọ, ohun tó o kọ sára ìgò ló purọ́.

Mo ní ẹjọ́ méjì mìíràn pẹ̀lú rẹ. Kí ló dé tó o ń wọn 1.1 ml láti inú ásíìdì ògidì? Ẹ̀kán kan tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Po 0.1 N ná: nǹkan bíi 2.8 ml, rọra dà á sínú omi (ásíìdì sínú omi o, kì í ṣe omi sínú ásíìdì), kún un dé líta. Lẹ́yìn náà bu 200 ml nínú rẹ̀, kún òun náà dé líta, 0.02 N nìyẹn. Èkejì, mo gbà pé rọ́bà lo fi fà á. Tó bá jẹ́ ẹnu ni, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́.

---

MóólùNìkan · Túsìdé, 6:55 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Àáró yín dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún kó ọmọ yìí padà sínú igbó tá a ti jáde kúrò.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú ìdánwò WAEC, mol/dm³ ni, ìyẹn iye móólù nínú líta kan. IUPAC, àjọ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì lágbàáyé, ò gbà wá níyànjú mọ́ pé ká máa lo normality. Ìdí wọn sì tọ̀nà. Kọ equation rẹ: H₂SO₄ + 2NaOH. 2 yẹn wà ní gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Ẹ̀yin gbé 2 náà, ẹ fi pamọ́ sínú ìgò, ẹ dé e ní ìdérí, ẹ wá ń bi ọmọ IT pé kí ló dé tí kò rí i.

Bí ọ̀gá rẹ bá ti kọ 0.01 mol/dm³ sára ìgò wọn látilẹ̀, ṣé wàá ṣìnà?

---

ÌjẹṣàKékeré · Túsìdé, 7:20 àárọ̀

Mi ò ní ṣìnà sà. Ṣùgbọ́n ó ti wá yé mi díẹ̀. Ẹ ṣeun, Bàbá. Rọ́bà ni mo lò o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

---

BàbáBúrẹ́ẹ̀tì · Túsìdé, 1:15 ọ̀sán

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ká kọ equation. Ó dáa. Omi kànga Ìsọkùn yẹn, ẹ bá mi kọ equation tirẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Bicarbonate á wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń pọ̀ jù nínú omi kànga wa. Carbonate lè wà níbẹ̀, hydroxide náà lè wà tí ẹnì kan bá ti da orombo kún un (ẹfun tí àwọn bíríkìlà ń lò ni mò ń wí o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni). Mélòó ni ti bicarbonate, mélòó ni ti carbonate? Mi ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀, búrẹ́ẹ̀tì ò sì bìkítà. Gbogbo wọn ló kó ọkọ́ wọn wá, a sì ka ọkọ́ náà lápapọ̀. Ẹ ò lè ka móólù ohun tẹ́ ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gbọ́n tó tí wọ́n fi yan 0.02. A máa ń sọ alkalinity bíi pé calcium carbonate ni gbogbo rẹ̀. Equivalent CaCO₃ jẹ́ gíráàmù 50, ìyẹn 50,000 mg. Ml ásíìdì × N × 50,000, ká wá fi ml omi pín in. 0.02 × 50,000 = 1,000. Tí omi bá jẹ́ 100 ml, ml kọ̀ọ̀kan búrẹ́ẹ̀tì dúró fún 10 mg/L. 6.4 ml, 64. Ọ̀gá ọmọ yìí ò nílò ẹ̀rọ ìṣírò, ojú búrẹ́ẹ̀tì ló ti kà á.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé equivalent ṣáájú equation dáyé. Richter ará Jámánì ti ń wọn iye béèsì tó ń pa ásíìdì kan náà ní nǹkan bíi 1792. Ìwé tí Dalton ti sọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù jáde ní 1808. Òṣùwọ̀n àti sùúrù nìkan ni ọkùnrin yẹn ní lọ́wọ́.

---

Ifẹ̀_Part3 · Túsìdé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe mí, ká lè rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n ní ká wo irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ferrous sulphate tí wọ́n máa ń fún aboyún. Lára páálí rẹ̀: ferrous sulphate 200 mg, irin tó wà nínú rẹ̀ 65 mg. A lọ ọ́ kúnná, a yọ́ ọ nínú ásíìdì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi potassium permanganate kán an. Ìgò permanganate tá a bá nílẹ̀, "KMnO₄ 0.1" ló wà lára rẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ti pa rẹ́, ásíìdì ti jẹ bébà náà.

11.6 ml. Pink yẹn dúró, a yọ̀. Mo kà á sí 0.1 M. Permanganate kan ń jẹ irin márùn-ún, nítorí náà 11.6 × 0.1 × 5 × 55.85. Ó fún mi ní 324 mg irin nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan.

Irin inú oògùn ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ! Ẹnì kejì mi ní bóyá kóńpìnnì yẹn lawọ́. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó ń bójú tó wa tó kọjá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. 0.1 N ni. Kò sí ìlọ́po márùn-ún níbẹ̀ mọ́, ó ti wà nínú N. 11.6 × 0.1 × 55.85 = 64.8 mg. Ó bá páálí mu rẹ́gí.

---

MóólùNìkan · Túsìdé, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Part3. Ẹ ti ṣe ẹlẹ́rìí fún mi láìmọ̀. Bàbá, ẹ dáhùn sí èyí: permanganate 0.02 M kan náà, ìgò kan náà, N mélòó ni?

---

BàbáBúrẹ́ẹ̀tì · Túsìdé, 8:10 alẹ́

Tíṣà ti mú mi.

Níbí, electron tí permanganate ń gbà ni ọkọ́, kì í ṣe hydrogen. Nínú ásíìdì, manganese inú permanganate ń sọ̀ kalẹ̀ láti 7 sí 2, ọkọ́ márùn-ún: 0.1 N. Tí kò bá sí ásíìdì níbẹ̀, á dúró lórí 4, ẹ ó rí ìdọ̀tí brown rẹ̀ nísàlẹ̀ flask, ọkọ́ mẹ́ta: 0.06 N. Nínú alkali líle, ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lá fi sọ̀, yóò di aláwọ̀ ewé: 0.02 N. Ìgò kan, orúkọ mẹ́ta.

Phosphoric acid náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hydrogen mẹ́ta ló gbé, ṣùgbọ́n tó o bá fi methyl orange wò ó, ẹyọ kan ló máa yọ. Tó o bá fi phenolphthalein, aró mìíràn tó máa ń jẹ́ pink nínú béèsì, wò ó, méjì. Ẹ̀kẹta ò ní dá ọ lóhùn nínú omi lásán. Àgbẹ̀ tó ní ọkọ́ mẹ́ta nílé, tó gbé ẹyọ kan wá sóko: mélòó lẹ máa kà fún un? Èyí tó gbé wá ni.

Nítorí náà mo gbà fún yín níbi kan. Ẹni tó bá kọ N sára ìgò láì kọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló kọ. Ní ayé tiwa, ìgò permanganate ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò sulphuric acid, gbogbo wa mọ iṣẹ́ tó wà fún. Ẹni tó bá wọlé lónìí ò lè mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tiwa nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ká sọ ọ́ nù.

---

LáàbùẸ̀jẹ̀ · Túsìdé, 10:48 alẹ́

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, ẹ má bínú tí mo bá kọ ọ́ ní kúkúrú.

Normality ti kú nínú ìwé yín, Tíṣà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè ní wọ́ọ̀dù: mEq, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún equivalent, bí mmol ṣe jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún móólù. Sodium inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ dá, 135 sí 145. Potassium, 3.5 sí 5.0. Fún àwọn méjèèjì yìí, ẹ pè é ní mmol tàbí mEq, iye kan náà ni, nítorí ẹyọ kan ni agbára iná tí wọ́n gbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbàgbé pé ìyàtọ̀ wà. Calcium ló máa ń já wọn kulẹ̀, méjì ló gbé. 2.2 sí 2.6 mmol/L ni 4.4 sí 5.2 mEq/L. Ẹ rí i pé ẹni tó bá ka èsì 4.8 láì wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè pariwo pé calcium aláìsàn ti fẹ́ pa á, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Magnesium sulphate tí wọ́n ń fún aboyún tó ní gìrì náà ńkọ́? Gíráàmù kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4 mmol, 8 mEq. Gíráàmù ni wọ́n máa ń pè é ní wọ́ọ̀dù, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń sáré láàárín òru ò yẹ kó máa fi méjì pín nǹkan lórí.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí mo nílò mEq. Agbára iná rere àti ti òdì inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Mo mú sodium 140, mo yọ chloride 104 àti bicarbonate 24 kúrò, 12 ló ṣẹ́kù. Tí 12 yẹn bá di 25, ásíìdì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí Bàbá sọ nípa kànga Ìsọkùn náà nìyẹn: mo ti mọ iye ọkọ́ tó wọ oko kí n tó mọ àwọn tó gbé e wá.

Wọ́n ti gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Ó dàárọ̀.

---

ÌyáỌlọ́ṣẹ · Wẹ́sìdé, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè ní Ifẹ̀. Eérú èèpo kòkó ni mo fi ń sẹ́ omi eérú, àdín ni mo fi ń sè é. Nígbà mìíràn omi eérú á le, ọṣẹ á ta ènìyàn lára. Nígbà mìíràn kò ní le tó, àdín á léfòó. Ahọ́n ni mo fi ń tọ́ ọ wò gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe fi hàn mí. Ọmọ yìí ní ẹ̀yin mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń ka ọkọ́ inú omi. Ṣé ẹ lè ka ti omi eérú?

---

BàbáBúrẹ́ẹ̀tì · Wẹ́sìdé, 12:05 ọ̀sán

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. A lè kà á dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ahọ́n yẹn, ẹ ṣì nílò rẹ̀.

Part3, ṣé ẹ lè gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó yín? Ẹ bu 10 ml omi eérú, ẹ fi omi kún un dé 100. Ẹ mú 10 ml nínú ìyẹn. HCl 0.1 N ni kẹ́ ẹ fi kán an. Phenolphthalein kọ́kọ́, ẹ kọ iye tí pink fi lọ sílẹ̀; lẹ́yìn náà methyl orange nínú flask kan náà, ẹ má dá búrẹ́ẹ̀tì padà sí òdo. Ẹ má gbàgbé èyí àkọ́kọ́ yẹn. Òun ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

---

Ifẹ̀_Part3 · Tọ́sìdé, 5:52 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé e wá nínú ike omi, a pàdé ní Mayfair. Omi náà pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. A fi fílítà sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́ tó láti rí àwọ̀.

Phenolphthalein: 10.0 ml. Methyl orange: 18.0 ml lápapọ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò yẹ̀.

Tí mo bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, 10 ml tá a mú yẹn gbé 1 ml omi eérú gangan. 18.0 × 0.1 = 1.8. Omi eérú Ìyá jẹ́ 1.8 N!

---

MóólùNìkan · Tọ́sìdé, 7:14 alẹ́

1.8 N ti kí ni? Ẹ fara balẹ̀ o. Ibi tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyí.

10.0 ní ilẹ̀ àkọ́kọ́, 8.0 ní ilẹ̀ kejì. Tó bá jẹ́ potassium hydroxide nìkan ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán nígbà tí pink lọ. Tó bá jẹ́ carbonate nìkan, àkọ́kọ́ àti ìkejì ì bá dọ́gba, 9 àti 9, nítorí carbonate ń fi ọkọ́ kan sílẹ̀ ní phenolphthalein, ó ń fi èkejì sílẹ̀ ní methyl orange. Nítorí náà 8.0 lọ́nà méjì, 16.0, ni ti carbonate. 2.0 péré ni ti hydroxide. Ìyá, nínú ọkọ́ méjìdínlógún tí omi eérú yín gbé wá, méjì péré ló mú ṣáṣá. Àwọn tó kù kú díẹ̀.

Ẹ wo Part3, 1.8 N fún ẹni tó fẹ́ fi omi yìí pa ásíìdì. Fún ẹni tó fẹ́ fi í sọ àdín di ọṣẹ kíákíá, 0.2 N ni.

---

BàbáBúrẹ́ẹ̀tì · Tọ́sìdé, 8:30 alẹ́

Tíṣà, ẹ ti ń ṣírò ní N láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Òótọ́ ni ẹ sọ. Ìyá, ohun tí ojú yín ń rí nìyẹn. Kílò àdín kan fẹ́ nǹkan bíi equivalent 4.4 kó tó di ọṣẹ tán. Omi eérú yín ní agbára, ṣùgbọ́n carbonate ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn sì ń lọ́ra pẹ̀lú òróró, ó fẹ́ iná gígùn. Ẹ mú orombo àwọn bíríkìlà, èyí tí wọ́n ti fi omi pa, ẹ pò ó mọ́ omi eérú náà kó gbóná, kẹ́ ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Ẹfun á bá carbonate lọ sísàlẹ̀, omi tó dá lókè á ní hydroxide tó pọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi ahọ́n kàn án rárá, èyí lè jó ẹran ara. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ nínú ìkòkò kékeré, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Part3 tún kà á kẹ́ ẹ tó fi àdín sí i.

---

ÌyáỌlọ́ṣẹ · Tọ́sìdé, 9:11 alẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Ìyá ìyá mi máa ń bu nǹkan funfun kan sí i, a rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, a pa á tì. N ó bu díẹ̀ wò ní Sátidé.

---

ỌmọÒṣómàáló · Tọ́sìdé, 9:13 alẹ́

Mo ṣì ṣó o. Ẹsẹ̀ ti ń kú mi. ÌjẹṣàKékeré dà?

---

ÌjẹṣàKékeré · Fúráìdé, 7:35 alẹ́

Ẹ má bínú, iná ni kò jẹ́ kí n tètè dé. Ọ̀gá mi ní kí n má da ásíìdì mi nù, kí n wá a rí ohun tó jẹ́ gan-an. Mo ní láti gbẹ sodium carbonate nínú oven ní 250°C fún wákàtí mẹ́rin, NEPA sì ń mú un lọ ní gbogbo ìdajì wákàtí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná," ó ní kí n lọ múná nílé wá. Lánàá ni wọ́n gbà kí a tan jẹnẹrétọ̀.

Mo wọn 0.265 gíráàmù rẹ̀, mo yọ́ ọ dé 250 ml, 0.02 N gẹ́ẹ́. 25 ml nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 12.75, 12.70, 12.80. 25 × 0.02 ÷ 12.75 = 0.0392 N. Bàbá, kò pé 0.04 tí ẹ sọ, ẹ̀kán tó lẹ̀ mọ́ ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Mo wá padà sórí omi Ìsọkùn: 3.25 × 0.0392 × 50,000 ÷ 100 = 63.7. Ti ọ̀gá mi, 64.

Mo bu 510 ml nínú rẹ̀, mo kún un dé líta, mo tún fi carbonate wò ó, 0.0200. Mo gé bébà tuntun, mo kọ ọ́ báyìí: "H₂SO₄, 0.0200 N (0.0100 mol/L), fún alkalinity, methyl orange." Mo lẹ̀ ẹ́, mo fi sẹ́lótéèpù bò ó kí ásíìdì má baà jẹ ẹ́.

Ọ̀gá mi gbé e sókè, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọjọ́ dà?" Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọjọ́ sórí sẹ́lótéèpù náà fúnra wọn, wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.